Kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ dídùn ni làkúrègbé

Láàárín àwa Yorùbá, ẹsẹ̀ dídùn ní orúkọ kan tó ń jẹ́ kárí: làkúrègbé. Orúnkún ń ro màmá? Làkúrègbé ni. Àtẹ́lẹsẹ̀ ń ta bàbá bí ẹni tó tẹ ẹyin iná? Làkúrègbé ni. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo wú lẹ́yìn ìrìnàjò Èkó sí Àbújá? Làkúrègbé náà ni, ẹ lọ ra róòbù kí ẹ fi wọ́ ọ dáadáa. Bí kò bá sì jẹ́ làkúrègbé, a jẹ́ pé jẹ̀díjẹ̀dí ni. Bí kò bá jẹ́ jẹ̀díjẹ̀dí, a jẹ́ pé àwọn ọ̀tá ti gbé nǹkan sílẹ̀ fún un tẹ̀.

Èrò tèmi ni pé orúkọ kan ṣoṣo tí a ń pe gbogbo ẹ̀ yìí wà lára ohun tó ń ba ẹsẹ̀ àwọn èèyàn wa jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà fúnra ẹ̀ kò burú, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, ó sì ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ṣùgbọ́n orúkọ tí a bá fún ìrora ló ń pinnu oògùn tí a máa lọ rà fún un. Bí gbogbo ẹ̀ bá ti ń jẹ́ làkúrègbé, oògùn kan náà la ó máa rà fún gbogbo ẹ̀. Bẹ́ẹ̀, nínú àwọn ohun tí a kó pọ̀ sábẹ́ orúkọ yìí, ìkan wà tí ìrìn lásán lè wò sàn, ìkan wà tó lè mú kí wọ́n gé ẹsẹ̀, ìkan sì wà tó lè pa èèyàn láàárín wákàtí mélòó kan.

Kí ẹ má bàa rò pé mo fẹ́ gba iṣẹ́ oníṣẹ́ ṣe, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, mò ń ka másítà lórí bí ara èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́. Mi ò kì í ṣe dókítà, mi ò sì lè tinú fóònù sọ ohun tó ń ṣe ẹsẹ̀ yín. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n ṣàlàyé ohun tó wà lábẹ́ awọ, kí ẹ lè mọ ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ẹsẹ̀ yín kí ẹ tó bi onítáblẹ́ẹ̀tì.

Bi ẹsẹ̀ rẹ ní ìbéèrè mẹ́ta

Ohun tó lè dunni nínú ẹsẹ̀ kò kọjá mélòó kan: eegun, oríkèé, ẹran ẹsẹ̀, iṣan ìmọ̀lára tó ń gbé ìròyìn lọ sí ọpọlọ, àti òpó ẹ̀jẹ̀. Ìkọ̀ọ̀kan wọn ló ní bó ṣe ń ké nígbà tí nǹkan bá ń ṣe é. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè mẹ́ta fi lè là wá lójú púpọ̀.

Àkọ́kọ́, ibo ló ti ń dunni gan-an? Ojú ibì kan tí ìka kan lè tọ́ka sí ni, àbí ó ń sáré láti ibì kan lọ sí ibòmíràn? Ẹsẹ̀ kan ni, àbí méjèèjì? Èkejì, ìgbà wo ló ń dunni? Ìgbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, ìgbà tí a bá ń rìn, àbí òru nígbà tí a ti sùn? Ẹ̀kẹta, kí ló bá a rìn? Ó wú, ó gbóná, ó kú tipiri, ó ń ta, ibà wà níbẹ̀?

Ẹ wo àpẹẹrẹ kékeré kan. Ẹni tí gìgísẹ̀ rẹ̀ máa ń dùn ún wọ̀ǹ-ìn bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹsẹ̀ kanlẹ̀ láàárọ̀, tó sì máa ń rọlẹ̀ bó bá ti rìn díẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé okùn tó fẹ̀ tó wà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, tó so gìgísẹ̀ mọ́ ọmọ ìka, ló ń bínú. Kí ó máa na ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ lójoojúmọ́, kí ó bọ́ bàtà pẹlẹbẹ tó ti jẹ tán sílẹ̀, kí ó máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ yí ìgò omi dídì, ọ̀pọ̀ ló máa ń sàn bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó sùn lálàáfíà, tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wá jí i lóru, tó pọ́n, tó gbóná, tí aṣọ ìbora pàápàá kò ṣeé fi kàn án, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀. Èyí fara jọ gáùtù, níbi tí yúríìkì ásíìdì inú ẹ̀jẹ̀ ti di kirisitáàlì ṣóńṣó ṣóńṣó sínú oríkèé. Ẹran pupa àti bíà wà lára ohun tó ń dá a sílẹ̀, oògùn tó ń dín yúríìkì ásíìdì kù sì wà. Ẹsẹ̀ ni méjèèjì, wọn kò sì jìnnà síra, ṣùgbọ́n ìtọ́jú ọ̀kan kò kan èkejì rárá.

Orúnkún kì í ṣe táyà

Èyí tó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn ìyá àti bàbá wa ni orúnkún. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé orúnkún ti "jẹ", bíi táyà ọkọ̀. Nítorí náà, ìmọ̀ràn tí wọ́n ń gbà ni pé kí wọ́n jókòó: "Màmá, ẹ sinmi, ẹ yé rìn káàkiri." Ìfẹ́ ló wà nídìí ìmọ̀ràn yìí, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ó lòdì sí bí orúnkún ṣe ń jẹun.

Ní orí eegun méjèèjì tó pàdé nínú orúnkún, ìbòrí kan wà tó funfun, tó ń yọ̀, tó sì le díẹ̀. Ẹ ti rí irú rẹ̀ lórí eegun ẹsẹ̀ adìẹ. Nǹkan ìyanu kan nípa ìbòrí yìí ni pé kò ní òpó ẹ̀jẹ̀ kankan nínú. Báwo ló wá ṣe ń rí oúnjẹ? Inú omi tó ń yọ̀ tó wà láàárín oríkèé ló ti ń mu ún. Bí a bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, a ó fún ìbòrí náà bíi kàǹkàn, omi tó ti lò á jáde. Bí a bá gbé ẹsẹ̀ sókè, á fa omi tuntun wọlé. Ìrìn ni oúnjẹ rẹ̀. Táyà máa ń jẹ bí a bá ń lò ó, kò sì ní ọ̀nà tó fi lè tún ara ẹ̀ ṣe. Orúnkún ní tiẹ̀, àìlò máa ń ba òun náà jẹ́.

Ohun kejì ni pé ẹran itan ló ń bá orúnkún gbé ẹrù. Bí màmá bá jókòó oṣù mẹ́fà, ẹran itan á tán, ẹrù tó yẹ kí ẹran gbé á bọ́ sórí oríkèé, ìrora á pọ̀ sí i, wọ́n á tún ní kí ó sinmi sí i. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa yí po títí màmá yóò fi di ẹni tí wọ́n ń gbé lọ sí ilé ìwẹ̀.

Ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn onímọ̀ ìṣègùn oríkèé káàkiri àgbáyé fi eré ìdárayá àti dídín ìsanrajù kù sí iwájú nínú ìtọ́jú orúnkún tó ń gbó, kí wọ́n tó dárúkọ oògùn gbígbé mì. Ní ọdún 2005, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà wọn ẹrù tó ń bọ́ sórí orúnkún àwọn àgbàlagbà tó sanra, tí orúnkún sì ń dùn. Wọ́n rí i pé kílò kan péré tí èèyàn bá dín kù lára, ẹrù tó ń bọ́ sórí orúnkún ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa ń dín ní bíi kílò mẹ́rin. Ẹ wá ṣírò ìgbésẹ̀ tí ẹni tó ń tajà ń gbé láàárọ̀ kan ṣoṣo.

Eré ìdárayá tí mò ń sọ kì í ṣe sísáré yí pápá ká o. Jókòó sórí àga, na ẹsẹ̀ kan síwájú kó tọ́ gbọngbọn, kà dé márùn-ún, sọ ọ́ kalẹ̀, ṣe ìkejì. Dìde lórí àga láìfi ọwọ́ ti nǹkan, jókòó padà jẹ́jẹ́. Ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, sinmi, tún un ṣe. Á dunni díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, èyí kò túmọ̀ sí pé orúnkún ń bàjẹ́. Bí ìrora náà bá rọlẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, kò sí wàhálà. Bó bá pọ̀ sí i tàbí tí orúnkún wú, dín iye rẹ̀ kù, má pa á tì.

Ohun tó wà nínú náílọ́ọ̀nù

Níbí ni inú mi ti máa ń bàjẹ́ jù. Ẹ lọ sí ibùdókọ̀ èyíkéyìí, tàbí ṣọ́ọ̀bù oògùn tí ẹni tó ń tà kò kẹ́kọ̀ọ́ oògùn, kí ẹ ní kí wọ́n bá yín po oògùn ara ríro. Wọ́n á ka táblẹ́ẹ̀tì mẹ́rin sí márùn-ún sínú náílọ́ọ̀nù kékeré, funfun kan, yẹ́lò kan, alápòòtì pupa kan, kò ní orúkọ, kò ní déètì. Ẹ lò ó lálẹ́, ilẹ̀ mọ́, ẹ fò dìde. "Oògùn yẹn gidi gan-an ni!" Òótọ́ ni, ó gidi. Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tó gidi nínú ẹ̀.

Lọ́pọ̀ ìgbà, méjì nínú wọn á jẹ́ ọmọ ìyá kan náà: ibuprofen, diclofenac, piroxicam. Ní ọdún 1971, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, John Vane, ṣàlàyé bí aspirin àti àwọn ẹbí rẹ̀ wọ̀nyí ṣe ń ṣiṣẹ́, ó sì wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1982. Ohun tó rí ni pé wọ́n máa ń dí ara lọ́wọ́ láti ṣe èròjà kan tó ń jẹ́ prostaglandin. Èròjà yìí ló ń jẹ́ kí ibi tó fara pa wú, kó sì máa ro. Bí a bá dá a dúró, ìrora á rọlẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìrora nìkan kọ́ ni iṣẹ́ prostaglandin. Òun ló ń jẹ́ kí inú ikùn ní ìbòrí tó ń dáàbò bò ó kúrò lọ́wọ́ ásíìdì tirẹ̀. Òun náà ló ń bá kíndìnrín ṣí òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń wọlé sílẹ̀ nígbà tí omi ara bá dín kù. Nítorí náà, ẹni tó ń lo oògùn wọ̀nyí lójoojúmọ́ láìjẹun dáadáa lè jí lọ́jọ́ kan kó máa yàgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà. Ẹ̀jẹ̀ ni yẹn, láti inú ikùn. Ẹni tó sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tó ń lo oògùn rẹ̀, tó wá ń fi diclofenac gbe é nídìí, ó ń ti kíndìnrín rẹ̀ mọ́ ògiri, ẹ̀jẹ̀ ríru náà kò sì ní fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Lílo méjì pa pọ̀ kò fi kún ìwòsàn, ewu ló ń fi kún. Piroxicam tiẹ̀ máa ń pẹ́ lára débi pé ó lè ju ọjọ́ méjì lọ kí ìdajì rẹ̀ tó jáde, ẹni tó bá ń lò ó láàárọ̀ àti lálẹ́ ń to ẹrù lé ẹrù ni.

Táblẹ́ẹ̀tì kékeré yẹn ńkọ́, èyí tó fi dà bí idán? Lọ́pọ̀ ìgbà, prednisolone tàbí dexamethasone ni. Oògùn pàtàkì ni wọ́n lọ́wọ́ dókítà, wọ́n ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn là. Ṣùgbọ́n lílò wọn fún oṣù lórí oṣù láìsí ẹni tó ń ṣọ́ni, ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn. Ojú á yi róbótó, ikùn á yọ, àwọn ará àdúgbò á máa kí i pé ara ẹ̀ ti yá, ó ti sanra. Bẹ́ẹ̀, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ń gòkè, eegun ń fúyẹ́, ara kò lè bá kòkòrò àrùn jà mọ́. Ó tún lè jẹ́ kí orí eegun itan, níbi tó ti wọ ìgbáròkó, kú nítorí àìrí ẹ̀jẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: oògùn tí a lò fún ẹsẹ̀ dídùn ló tún wá sọni di arọ. Bí èèyàn bá sì dédé dá a dúró lẹ́yìn tó ti lò ó pẹ́, ó lè dákú, nítorí ara ti gbàgbé bí òun ṣe ń ṣe irú èròjà náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ti ń lò ó bọ̀, kó má dá a dúró ní òjijì. Dókítà ni kó lọ bá.

Àwọn kan á ní, "Èmi ò kì í lo òyìnbó, àgbo ni tèmi." Mi ò bá àgbo jà. Púpọ̀ nínú oògùn òyìnbó gan-an, ara ewé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún èyí tó bá ń ṣiṣẹ́ kíákíá jù. Ní ọdún 2022, àjọ FDA ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà kìlọ̀ fáráyé nípa oògùn kan tí wọ́n ń pè ní Artri King, tí wọ́n ń tà gẹ́gẹ́ bí àfikún oúnjẹ fún oríkèé. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, diclofenac àti dexamethasone ni wọ́n bá nínú ẹ̀, kò sì sí ìkankan tí wọ́n kọ sára páálí. Bí irú ẹ̀ bá lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, kí ni a fẹ́ sọ nípa ike tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC lára, tí wọ́n ń pariwo ẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì?

Ìrora tó ti ìdí sọ̀ kalẹ̀

Iṣan ìmọ̀lára kan wà tó nípọn ju gbogbo iṣan ìmọ̀lára tó kù lára lọ, ó tó ìka ọwọ́. Láti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gba inú ìdí, ó gba ẹ̀yìn itan, títí dé ẹsẹ̀. Bí ìrọ̀rí tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn bá yọ díẹ̀, tó sì tẹ gbòǹgbò iṣan yìí, ẹsẹ̀ ni yóò máa dunni, nígbà tí ohun tó ṣẹlẹ̀ wà ní ẹ̀yìn. Ó máa ń sáré sọ̀ kalẹ̀ bí iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì, ó sì lè pọ̀ bí èèyàn bá wúkọ́ tàbí tó tẹ̀ba. Wíwọ́ orúnkún kò lè ṣe nǹkan kan fún irú èyí. Ìròyìn ayọ̀ ni pé èyí tó pọ̀ jù máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá, bí èèyàn bá ń rìn níwọ̀nba tí kò sì dùbúlẹ̀ sójú kan.

Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ń rọ, tí ìtọ̀ kò jáde mọ́ tàbí tó ń jáde láìmọ̀, tí abẹ́ àti àyíká ìdí sì kú tipiri, ilé ìwòsàn ni ní ọjọ́ náà gan-an. Kì í ṣe ọjọ́ kejì. Ó lè gba iṣẹ́ abẹ kí ó má bàa di bárakú.

Iṣan yìí kan náà ni abẹ́rẹ́ ìdí tí wọ́n gún síbi tí kò yẹ máa ń bá jẹ́. Àwọn ọmọdé ló ń jìyà ẹ̀ jù. Wọ́n gbé ọmọ tó ní ibà lọ síbi tí ẹni tó ń gúnni kò kẹ́kọ̀ọ́, ó gún un ní àárín ìdí, ọmọ ké, láti ọjọ́ náà ọmọ kò lè gbé iwájú ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀ mọ́, ó ń wọ́ ọ. Àwọn ilé ìwòsàn Nàìjíríà ti ń kọ nípa èyí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún ọmọ kékeré ní ìdí; ẹ̀gbẹ́ itan ló dáa jù fún wọn. Ẹ sì bi í léèrè bóyá kò ní oògùn mímu tó lè ṣe iṣẹ́ kan náà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó ní.

Ẹsẹ̀ tí kò dunni mọ́

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ẹsẹ̀ tó ti ń dunni tẹ́lẹ̀, tí kò wá dunni mọ́. Bí ṣúgà bá ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún púpọ̀, á máa ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́, èyí tó gùn jù ló sì kọ́kọ́ ń bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì ló ń bẹ̀rẹ̀: á máa ta ṣánṣán, á máa jó, pàápàá lóru, á wá máa gòkè bí ìbọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn náà á kú. Màmá á ní, "Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà mi, kò dùn mí mọ́." Lásìkò yẹn gan-an ni ewu bẹ̀rẹ̀. Ó lè tẹ ìṣó kó má mọ̀. Bàtà lè bó o lára kó má mọ̀. Ó lè na ẹsẹ̀ sún mọ́ iná ìdáná kó jó o kó má mọ̀.

Egbò tí irú èyí ń dá sílẹ̀ ni a ń pè ní egbò àdáàjinná, tí wọ́n á ní ó tẹ ohun tí kò yẹ kó tẹ̀. Wọ́n á gbé e láti ilé aládùúrà dé ilé oníṣègùn, títí ẹsẹ̀ yóò fi dúdú. Nígbà tí wọ́n bá dé ilé ìwòsàn, gígé ló kù. Ẹ wá rí i, wọ́n á ní ilé ìwòsàn ló gé e lẹ́sẹ̀.

Àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tó bá ń jó tàbí tó ń kú, ẹ lọ yẹ ṣúgà wò kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ẹni tó bá sì ti mọ̀ pé òun ní àtọ̀gbẹ, kí ó máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀ ní alaalẹ́, kí ẹlòmíràn bá a wo abẹ́ rẹ̀ bí kò bá lè tẹ̀ba. Kí ó má rìn láìwọ bàtà, títí kan inú ilé. Kò ná owó kankan, ó sì lè gba ẹsẹ̀ là.

Bí òpó ẹ̀jẹ̀ bá ń ké

Ìrora méjì ló wà níbí, wọn kò sì gbọdọ̀ rú wa lójú.

Ẹni àkọ́kọ́ ń rìn, ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ fún pọ̀, ó dúró ìṣẹ́jú díẹ̀, ó lọ, ó tún rìn níwọ̀n kan náà, ó tún dé. Òpó tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà bọ̀ láti ọkàn ti ń dí, pàápàá lára ẹni tó ń mu sìgá, tó ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru. Òpó tó dí ní ẹsẹ̀ sábà máa ń ní ẹlẹgbẹ́ ní ọkàn àti ọpọlọ, nítorí náà ìkìlọ̀ ni fún gbogbo ara. Kí ó pa sìgá tì, kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́yìn náà kí ó máa rìn: rìn dé ibi tó bá ti ń dunni, sinmi, tún rìn. Ìtọ́jú tó ní ẹ̀rí gidi lẹ́yìn ni.

Ẹnì kejì, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wú, ó gbóná, ẹran ẹ̀yìn ojúgun ń dùn ún, kò sì rántí ibi tó ti fara pa. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, tàbí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún un, tàbí ó jókòó wákàtí púpọ̀ nínú ọkọ̀ tàbí bàálù. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú òpó tó wà nísàlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ́ ọ. Ẹ má fi omi gbígbóná àti òróró tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ dídì náà lè já, kó gba inú ọkàn lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá dédé ń mí gúlegúle, tí àyà ń dùn ún tàbí tó ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ló níye lórí. Oògùn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ yé dì wà, ó sì ń ṣiṣẹ́, bí a bá tètè dé.

Ọmọdé kò ní làkúrègbé

Bí ọmọ bá ń ké pé ẹsẹ̀ méjèèjì ń dun òun lálẹ́, tó sì jí láàárọ̀ tó ń sáré kiri, ara tó ń dàgbà ni wọ́n sábà máa ń kà á sí. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń tiro, tó ní ibà, tí kò jẹ́ kí a fọwọ́ kan ẹsẹ̀, kòkòrò lè ti wọ inú eegun tàbí oríkèé. Bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́, bẹ́ẹ̀ ni oríkèé ń bàjẹ́.

A ò sì gbọdọ̀ gbàgbé àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Nàìjíríà ni wọ́n ti ń bí ọmọ tó ní i jù lọ lágbàáyé, iye tí wọ́n sábà máa ń dá ni nǹkan bíi 150,000 lọ́dọọdún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìka ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó wú nígbà tí wọn kò tíì pé ọdún méjì ni àmì àkọ́kọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ kọdọrọ ló ń dí òpó kéékèèké, eegun kò rí ẹ̀jẹ̀, ó ń ké. Ọmọ tí eegun bá ń dùn lemọ́lemọ́, kí wọ́n yẹ jínótáípù rẹ̀ wò. Ọ̀dọ́ tó bá sì ti mọ̀ pé SS lòun, tí ìgbáròkó wá ń dùn ún, tó ń tiro, kí ó má kà á sí kíráísìsì lásán. Orí eegun itan rẹ̀ ni kí wọ́n yà wò.

"Owó dà?"

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń sọ lọ́kàn báyìí. "Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ yín dáa, ṣùgbọ́n náílọ́ọ̀nù yẹn kò tó owó ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Bí mo bá sì dé ibẹ̀, mo máa tò láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́." Òótọ́ pọ́nńbélé ni. Ẹni tí iṣẹ́ òòjọ́ ń bọ́ kò lè fi ọjọ́ kan ṣòfò. Mi ò dá a lẹ́bi.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ọ̀rọ̀ yìí kò dúró sọ́dọ̀ aláìsàn nìkan. Láti ọdún 1966 ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì ní Yunifásítì Ìbàdàn, ilé ìwòsàn eegun Ìgbòbí sì ti wà láti ọdún 1945. Ìmọ̀ wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n kó o jọ sí ìlú ńlá àti ilé ìwòsàn ńlá. Ìjọba ìbílẹ̀ mélòó ni onífisiotẹ́rápì wà ní ilé ìwòsàn kékeré wọn? Bí ìjọba bá lè fi ọ̀kan síbẹ̀, kó máa lọ yí ká àwọn ọjà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó kọ́ àwọn ìyálọ́jà ní eré ìdárayá orúnkún, kó sì yẹ ṣúgà wọn wò, mo rò pé owó rẹ̀ kò ní tó owó tí wọ́n ń ná lórí kíndìnrín tó ti kú. Àwọn apòògùn náà, ẹ̀yin tí ẹ kẹ́kọ̀ọ́ gboyè, ẹ̀yin ni aláìsàn kọ́kọ́ ń bá. Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta yẹn kí ẹ tó na ọwọ́ sí pẹpẹ.

Ní ti àwa tó kù, ọ̀pọ̀ nínú ohun tó ń ṣiṣẹ́ kò gba owó. Ìrìn kò gba owó. Dídìde lórí àga kò gba owó. Wíwo àtẹ́lẹsẹ̀ kò gba owó. Bí oògùn bá sì pọn dandan, ẹ lo ẹyọ kan tí ẹ mọ orúkọ rẹ̀, níwọ̀n tó yẹ, fún ọjọ́ díẹ̀. Ipara diclofenac tí wọ́n ń fi pa orúnkún kì í wọ inú ẹ̀jẹ̀ tó èyí tí a gbé mì. Parasitamọ́ọ̀lù náà, àgbàlagbà kò gbọdọ̀ lò ju mẹ́jọ lọ (èyí tó jẹ́ 500 mg) láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún, ẹ sì ṣọ́ra, nítorí ó máa ń wà nínú oògùn òtútù náà.

Nígbà tí ẹnikẹ́ni nínú ilé bá tún ní ẹsẹ̀ ń dun òun, ẹ má tètè dárúkọ. Ẹ kọ́kọ́ bi í: ibo ni, ìgbà wo ni, kí ló bá a rìn? Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan tó wú tó gbóná, àtẹ́lẹsẹ̀ tó kú, ìtọ̀ tó dúró, tàbí ọmọ tó ń tiro pẹ̀lú ibà, ẹ wá ọkọ̀ kí ẹ máa lọ sí ilé ìwòsàn. Bó bá sì jẹ́ orúnkún tó ń gbó, ẹ fa màmá dìde, kí ẹ jọ rìn dé òpin àdúgbò.